Bí Rosi Ṣe Gun Àkàbà Sàtánì Níwájú Kámẹ́rà

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni Roswitha Thielen fi ń purọ́ orúnkún. Bí wọ́n bá ti ní kó bọ́ sókè oko, á di orúnkún mú, á fajú ro, á ní, "Orúnkún yìí tún ti dé o." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Elmar, tí wọ́n jọ jogún oko àjàrà lọ́wọ́ bàbá wọn, á ní kó lọ jókòó sórí katakata, tàbí kó sọ̀kalẹ̀ lọ fọ àgbá nínú yàrá ọtí. Kò sí ohun tó ṣe orúnkún náà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá odò Mosel nílẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí. Kó tó pààrọ̀ eyín ló ti ń gun òkè àjàrà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni báyìí, "Rosi Ewúrẹ́" sì ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń di àpáta mú. Ibi tó ga jù nínú oko wọn ni Àkàbà Sàtánì. Ó dúró gan-an-ran bí ògiri ilé. Igi àjàrà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ tí wọ́n so ó mọ́, òkúta pẹlẹbẹ dúdú ló sì bo ilẹ̀ gbogbo, èyí tó máa ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ògiri olókúta kan ló dá oko náà dúró. Lẹ́yìn ògiri yẹn, òfuurufú ni, títí dé ojú títì tó wà lẹ́bàá odò.

Oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ṣẹlẹ̀. Òun nìkan ló wà lókè, ó ń rẹ́ ẹ̀ka àjàrà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òkúta lọ, òun náà sì tẹ̀ lé òkúta. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí òpó, òpó ń kọjá lọ lójú rẹ̀ bí ìgbà téèyàn wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Òpó tó kẹ́yìn ló há a lábíyá. Nígbà tó máa wolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọjá ògiri, bàtà ẹsẹ̀ òsì ti bọ́, ó ń retí kó gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó rákò padà sókè, ó fi ìbọ̀sẹ̀ lásán parí iṣẹ́ tó kù, nítorí tí kò bá parí rẹ̀, Elmar á bi í léèrè. Ó sọ fún un pé bàtà ya ni òun fi jù ú nù.

Àtìgbà náà, kò lè wo òkè yẹn kí àyà rẹ̀ má já.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dàrú lọ́jọ́ tí Elmar já wọ ilé ìdáná pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Rosi! Rosi! Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ o! Ètò tí wọ́n máa ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n fi ń káàkiri. Ọtí wáìnì ẹ̀bá odò wa ló kàn báyìí."

"Ó dáa. Kí wọ́n wá ya fọ́tò àgbá."

"Àgbá kẹ̀? Wọ́n ní àwọn fẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè tó ga jù. Mo ní ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì, ẹ ti rí i."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìyẹ̀fun tó ń pò. "Orúnkún mi ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Ọjọ́ kan péré ni! Fi ìpara pa á. Àbí o fẹ́ kí wọ́n lọ bá àwọn Pauly aládùúgbò wa? Ìyàwó Pauly tí kò lè gun àpótí láìpariwo!"

Elmar bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí Rosi sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí wọ́n dé. Ó yan àkàrà òyìnbó alálùbọ́sà tí wọ́n máa ń jẹ nígbà ìkórè, kò lè tọ́ ọ wò. Ní kùtùkùtù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, kó lè dán ara rẹ̀ wò. Tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, á yí padà sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, ìkùukùu kò kúrò lórí odò títí ago mẹ́wàá fi kọjá. Rosi ń gbàdúrà pé kó máà kúrò mọ́. Ó kúrò. Èèyàn mẹ́ta ló sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Swantje ló ń gbé kámẹ́rà, òun náà sì ni ọ̀gá wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Holger ló ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹni kẹta ni Torben, olóòtú ètò náà, tí gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀, ọmọ apá àríwá níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí àwo. Bàtà tuntun ló wọ̀, àwọ̀ òféèfèé.

"Àǹtí Rosi!" ló fi kí i, bí ẹni pé wọ́n ti jọ gbé rí. "Mo gbọ́ pé ewúrẹ́ ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn mí o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rosi náà rẹ́rìn-ín. Holger so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní òun àti Elmar máa dúró sísàlẹ̀, òun á máa gbọ́ wọn láti ibẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré tó ń gun òkè lórí irin kan ṣoṣo ló gbé àwọn mẹ́ta yòókù lọ, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń han bí jẹnẹrétọ̀. Rosi ló wà á. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló tẹjú mọ́, kò wo ẹ̀gbẹ́, kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ sí àárín Àkàbà Sàtánì, ó tètè di òpó mú, ó gbé ike ìkórè kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àjàrà. Swantje so ara rẹ̀ mọ́ okùn létí irin, ó dojú kámẹ́rà kọ wọ́n. Torben wà nísàlẹ̀ Rosi díẹ̀, bí ìlà mẹ́ta sí i. Kí wọ́n lè dára lójú kámẹ́rà, Swantje ní kí wọ́n máa rìn jìnnà díẹ̀ sí irin. Wọ́n rìn. Rosi ń di òpó kọ̀ọ̀kan mú bó ti ń kọjá, títí wọ́n fi jìnnà gan-an.

"Àǹtí Rosi," ni Torben fi ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bi í, "lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín rárá?"

"Ẹ̀rù kẹ̀?" ni Rosi dáhùn. "Ẹ̀rù kí ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni òkúta kan yọ̀ lábẹ́ bàtà tuntun yẹn. Kò tó nǹkan. Torben kàn fì díẹ̀ ni, ó gbá òpó mú. Ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀yìn kó lè mọ ibi tí òkúta náà lọ. Òkúta náà ta, ó tún ta, ó kọjá ògiri, ó dàwátì. Nísàlẹ̀ réré, ọkọ̀ ojú omi tó kó èédú ń kọjá, ó kéré bí páálí ìṣáná.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni Swantje wí.

Torben kò dá a lóhùn. Ó ti fi apá méjèèjì wé òpó, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Torben! Eré yẹn ti tó. Ó dára, mo ti gbà á sílẹ̀."

"Kì í ṣe eré," ni Rosi wí. Ó mọ ojú yẹn. Bí ojú tirẹ̀ ṣe máa ń rí nínú dígí balùwẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn.

Fóònù dún lápò rẹ̀. Elmar ni, ó ń pariwo. "Kí ló dé tí ẹ ò rìn mọ́? Ìkùukùu òjò ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè o! Ṣé kí n pe àwọn panápaná?"

Torben gbọ́ ọ. "Ẹ má pe wọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ bí ti ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn á ya fọ́tò mi, wọ́n á gbé e kiri orí fóònù. Ẹ má pe wọ́n."

Rosi bojú wo òkè. Lóòótọ́, sánmà ti dúdú. Bí òjò bá fi lè kan òkúta wọ̀nyí, wọn ò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó ti ṣe é fún àwọn alágbàṣe rí: èèyàn á sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, á mú wọn lọ́wọ́, á mú wọn dé ibi irin. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó ní kí ọwọ́ rẹ̀ fi òpó sílẹ̀. Ọwọ́ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ọwọ́ kọ̀ pátápátá. Ó tún ń rí àwọn òpó tó ń kọjá lọ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ló jókòó. Ó jókòó sórí òkúta bí ọmọ kékeré, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀, láti òpó dé òpó. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó di èkejì mú. Ó dé ọ̀dọ̀ Torben, ó fi ẹsẹ̀ ti òpó rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló pè é. "Wo ojú mi. Má wo ibòmíì."

"Mi ò lè rìn, Àǹtí."

"Èmi náà ò lè rìn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tó ti ń bà mí. Mo ṣubú níbí, mo yọ̀ lọ títí ẹsẹ̀ mi fi kọjá ògiri yẹn, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó ṣe orúnkún mi. Ṣé o rí bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n?"

Torben wo ọwọ́ náà. "Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Torí náà a ò ní rìn. A máa jókòó ni. Fi ìdí lélẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó gbà. Ó rọra tú apá kúrò lára òpó, ó jókòó pẹ̀lú igbe kékeré kan. Ogójì òpó ló wà láàárín wọn àti irin. Wọ́n ń wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, Rosi níwájú, ó fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì Torben mú. "Di èyí mú. O ti dì í mú? Fi ìyẹn sílẹ̀. Ó káre." Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn. Ó tún bọ́. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Ó ku bí òpó mẹ́jọ tí Torben na ọwọ́ di ọ̀kan tó ti jẹrà nídìí mú. Òpó náà kán. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń lọ, ó sì ń fa Rosi lọ. Rosi gbá ìdí igi àjàrà kan mọ́ àyà, ó ti ojú pọ̀, bẹ́líìtì ń bẹ́ ẹ lọ́wọ́, ó ń retí ìgbà tí ìka rẹ̀ máa ṣí. Ìka rẹ̀ kò ṣí. Bàtà aláwọ̀ òféèfèé ń wá ibi tó máa tẹ̀, ó rí i. Swantje ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ti wọ́ dé ibi tí okùn rẹ̀ gùn mọ, ó na ọwọ́, ó fa ọkùnrin náà léjìká. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ọkọ̀ kékeré yẹn. Torben ti ojú pọ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lábẹ́ èékánná Rosi.

Elmar dúró lójú òjò láì fi nǹkan borí. Kò wo Torben rárá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́rùn Rosi. Ó ti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó sọ ni Elmar àti Holger ti gbọ́.

"Oṣù mọ́kànlá," ni Elmar wí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹsẹ̀ rẹ kọjá ògiri, o sì wálé wá jẹun ọ̀sán pẹ̀lú mi! Ká ní o bọ́ ńkọ́? Ibo ni mi ò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ?"

"Mo rò pé ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín ni."

"Màá fi ọ́ ṣẹ̀sín dájú!" Elmar ti ń sunkún. "Lẹ́yìn náà màá so okùn mọ́ ọ ní ìbàdí. Ta ló fẹ́ máa gé àjàrà orí Àkàbà Sàtánì báyìí, Rosi? Ta ni?"

Wọ́n kó ohun tó kù lókè lọ́dún yẹn pẹ̀lú alágbàṣe méjì láti Poland, Rosi sì wà nísàlẹ̀, ó ń ka orí wọn láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, àyà rẹ̀ kò balẹ̀ àfìgbà tí wọ́n sọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Elmar fi ń dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹn" àti "rárá" nìkan.

Nígbà ìrúwé ni ètò náà jáde. Gbogbo abúlé wà nílé Pauly tí wọ́n ń wò ó. Torben ti pe Rosi ṣáájú, ó ní Swantje bi òun bóyá kí wọ́n yọ apá tí ẹ̀rù ti bà wọ́n kúrò, òun sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ tí Àǹtí Rosi bá gbà. Rosi ní òun gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ara rẹ̀ tó ń fi ìdí wọ́ lórí òkè, ó bo ojú. Ìyàwó Pauly ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi tí ẹ̀yin ará ilé Thielen ń fi àpótí ṣẹ̀sín!" ló wí, ó sì da ọtí sínú ife Rosi títí ó fi kún dẹ́nu.

Wọ́n ti fi apá òkè Àkàbà Sàtánì sílẹ̀ kó digbó. Ó dun Elmar, ó ń sọ ọ́ títí di òní. Ti ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ro. Ní oṣù karùn-ún, Rosi so okùn mọ́ ìbàdí, Elmar di orí okùn kejì mú, Rosi sì gun ìlà méje, ó so ọ̀mùnú àjàrà mọ́ òpó. Lọ́jọ́ kejì ó tún gun ìlà méje. Kò tíì gun ìkẹjọ.