Wọ́n Ní Ara Rẹ̀ Ló Pa Á

Òórùn ìtọ̀ eku ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, kí ó tó rí eku kankan. Òórùn ìtọ̀, òórùn ìyẹ̀fun pákó tí a ń tẹ́ sábẹ́ wọn, àti ti oúnjẹ adìyẹ tí a fi ń bọ́ wọn. Ní Ìkẹ́rẹ́ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró tí gbogbo wa rò pé ìyà ti tán. Eku funfun ni wọ́n, olójú pupa, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn nítorí iṣẹ́ ìwádìí mi. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní kí n lọ wẹ̀ ná kí n tó fọwọ́ kan ìkòkò òun, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òórùn kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Bí wọ́n ṣe pa àbúrò mi ni, àti bí àwọn tó pa á ṣe fẹ́ kí èmi gan-an fi ẹnu ara mi sọ pé àwọn kọ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọ̀gá mi, olùkọ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ń fọ́, fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan tí àwọn ìyá wa fi ń wo egbò lè mú kí ara tó wú lọ sílẹ̀. A ó mú kòkòrò àrùn, a ó sè é títí yóò fi kú pátápátá, èmi ó wá fi abẹ́rẹ́ gún un sí ikùn eku. Òkú kòkòrò o! Kò lè jẹ, kò lè bí, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Síbẹ̀, kí n tó jẹun ọ̀sán tán, irun àwọn eku á ti dìde ṣáṣá, ojú wọn á máa ṣepin, wọ́n á kó ara wọn jọ sí igun kan, wọ́n á máa gbọ̀n. Àwọn mìíràn á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, òkú ni mo máa ń bá. Bí mo bá la inú wọn, ìfun á ti pọ́n bí ata, ẹ̀dọ̀fóró á ti kún fún omi. Ọmọ tísà ni mí, mi ò bá àwọn alápatà gbé rí, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lọ́fun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bi ọ̀gá mi pé, “Ta ló wá pa wọ́n, sà?”

Ó ní, “Ara wọn ni.” Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ohun kan lára bí etí. Bí awọ kòkòrò bá ti kan etí yẹn, ariwo ta nìyẹn. Ọ̀kan á ké sí èkejì, èkejì á ké sí ogún, iṣan ẹ̀jẹ̀ á ṣí sílẹ̀, omi á ya wọ inú ẹran, ara á gbóná, oró tí wọ́n pèsè sílẹ̀ de ọ̀tá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ onílé. Etí náà kì í béèrè pé ṣé o wà láàyè àbí o ti kú. Awọ nìkan ló mọ̀. Ó tún sọ pé irú eku kan wà lókè òkun tí etí yìí ti di lára tiwọn, gún wọn títí, oúnjẹ wọn ni wọ́n á máa jẹ lọ. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá wa wá irú wọn, kí n lè sinmi òkú kíkó. Ó rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í sábà ṣe. “Bí kòkòrò tó wà láàyè bá wọlé tọ àwọn yẹn, wọ́n á kú kí wọ́n tó mọ̀ pé àlejò dé.”

Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an. Àbúrò mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wa bí, ń ṣe tísà ní Emùré. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, “Àǹtí eku” ló ń pè mí. Ó ra ewúrẹ́ kan níbẹ̀ fún ọdún Kérésì, ó dè é mọ́ iwájú ọ̀kadà rẹ̀, ó ń gbé e bọ̀ wá fún bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó kọjá Ìsẹ̀, ó dé abúlé oníkòkó kan, táyà rẹ̀ bá jò. Níbi tó ti ń wo táyà ni ewúrẹ́ ti já okùn, ó sì sá wọ agbo ilé kan. Àbúrò mi sá tẹ̀lé e, ó mú un, ó gbé e sí abíyá, ó ń jáde bọ̀. Wọ́n ti ń jí ewúrẹ́ gbé lábúlé yẹn láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ìyá kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí pẹ̀lú ewúrẹ́ lábíyá. “Olè! Olè ewúrẹ́ o!”

Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé ń pariwo olè kí wọ́n tó rí ojú òun. Wọ́n fi igi nà án, wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń já kòkó gún un ní ẹ̀yìn, wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá lu itan rẹ̀ méjèèjì títí ẹsẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á gbá a lẹ́nu. Wọ́n ti gbé táyà dé, ẹnì kan sì ti lọ bu kẹrosíìnì, kí obìnrin kan tó ti oko dé tó ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, tó sì bú sígbe pé, “Ẹ dúró! Tísà ọmọ mi nìyẹn!” Ibẹ̀ ni ọwọ́ gbogbo wọn ti rọ̀. Àwọn kan náà tó lù ú ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ̀kọ, ó sì bi mí pé, “Àǹtí eku, ewúrẹ́ mi ńkọ́?” A rẹ́rìn-ín, ìyá wa dúpẹ́. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, ọgbẹ́ rẹ̀ kò jìn. Lọ́jọ́ kejì ni itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, awọ rẹ̀ ń dán, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Lẹ́yìn náà ibà dé, ojú rẹ̀ ń ṣepin, ó ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ ohun tí mo ń wò. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i nínú yàrá mi. Nígbà yẹn kò tíì yé wa tó bó ṣe yé wa lónìí, pé ohun tó ń dà jáde láti inú ẹran tó fọ́ lè kan etí kan náà tí awọ kòkòrò ń kàn. Àwọn tó lù ú ti lọ sílé wọn, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn. Ara rẹ̀ ni kò tíì jáwọ́ nínú ìjà. Kídìnrín rẹ̀ kọṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún omi, ó sì kú ní ọ̀sán gangan, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ìyá wa. Áà! Mi ò gbàgbé igbe tí ìyá wa ké.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn àgbà abúlé náà wá sí pálọ̀ bàbá mi. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wa kú ara fẹ́ra kù, wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn wà ní àtìmọ́lé, pé kí bàbá mi ṣàánú wọn. Olórí wọn ní, “Bàbá, nígbà tí a gbé e sínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ béèrè omi. Gbogbo wọn ló búra pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn nà án. Dókítà ní àìsàn kídìnrín ni. Ara rẹ̀ ló kọ̀ fún un.” Ó wá yíjú sí mi. “Ọmọ wa yìí kàwé nípa irú rẹ̀. Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún bàbá, ṣé lílù ló pa á ni?”

Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá mi wò mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé àìsàn ni, á fọwọ́ sí i kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, nítorí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, kò sì fẹ́ fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tó sì burú jù ni pé irọ́ kọ́ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo mọ̀ pé ara àbúrò mi ló ṣe àṣekù iṣẹ́ wọn.

Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, mo máa ń gún eku lábẹ́rẹ́ ní ibi iṣẹ́ mi. Bí mo bá gún wọn tán, mi ò tún fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Wọ́n á máa rìn, wọ́n á mu omi. Ara wọn ló máa ń pa wọ́n ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa wọ́n. Kò sí ẹni tó tíì bi mí pé ta ló pa wọ́n rí.”

Bàbá mi dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. “Ẹ máa lọ ulé yín. Ohun tí adájọ́ bá sọ ni a ó gbà.” Mi ò ní purọ́ fún ọ pé inú mi dùn nígbà tí wọ́n ṣẹjọ́ àwọn ọmọ yẹn, nítorí ìyá tiwọn náà wà ní kóòtù, wọ́n ń sunkún bí ìyá mi ṣe sunkún. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni kankan nínú wa tó bá wọn pè é ní àìsàn.

Èmi náà ti di ọ̀gá ẹlòmíràn báyìí, mo ń ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀wé jù wá lọ, wọ́n mọ orúkọ etí yẹn àti gbogbo ẹni tó ń ké sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kọ ọ́ pé eku náà kú nítorí pé ara rẹ̀ bínú jù, mo máa ń dá ìwé náà padà fún un. Mo máa ń sọ fún un pé òótọ́ lo kọ, ṣùgbọ́n o kò tíì kọ ọ́ tán. Ta ló gún un lábẹ́rẹ́? Kọ ìyẹn ná.