Adúrótẹrù: Orúkọ Tí Kò Jẹ́ Ká Gbé Òkú Jáde

Ọ̀rẹ́ mi kú, wọn ò sì jẹ́ ká gbé e kúrò ní yàrá òkú. Ikú kọ́ ni mò ń bá jà. Arúgbó ni, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sùn tí kò jí, ẹni tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá pa kò jìyà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi tì í mọ́lé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni pé orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ ò ṣì mí kà. Orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Adúrótẹrù ni orúkọ náà. Mo rò ó títí bóyá kí n kọ ọ́ síta, nítorí èmi kì í wá wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ta ni yóò kọ ọ́? Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti kú, kò sì sí òmíràn.

Aláàárù létí odò ni bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan gbé ẹrù kalẹ̀ fún un, ó ní òun ń bọ̀. Òjò dé, oníṣòwò ò dé. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Àwọn aláàárù yòókù ní, "Máa bọ̀ nílé jàre, àbí ẹrù bàbá rẹ ni?" Ó ní ẹni tó ní kí òun dúró kò tíì ní kí òun máa lọ. Ìgbà tí oníṣòwò padà dé lọ́jọ́ kejì, ó bá a níbi tó ti bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ bo àpò, tó ń gbọ̀n bí ewé. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Adúrótẹrù, ẹni tó dúró ti ẹrù. Yẹ̀yẹ́ ọjọ́ náà ló di orúkọ ìdílé.

Ìdílé ọ̀hún kò pọ̀ rí. Ọmọkùnrin kan bí ọmọkùnrin kan, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò so kókó, títí ó fi kan ọ̀rẹ́ mi, tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó sì máa ń fi ṣe fáàrí! Láyé ọjọ́un, ó yẹ ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù wò, ó bá ara rẹ̀ nìkan níbẹ̀, ó pariwo wọlé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, "Ìwọ, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ ní báńkì, ìdajì èrò á dìde."

Mo ní, "Bí ọlọ́pàá bá wá ń wá ọ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wọn á yá."

Ọsibítù yìí kan náà ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sìn. Òun ló ń tún bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe, òun ló ń tún táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ṣe, òun ló ń fi gírísì sí ilẹ̀kùn tó bá ń ké. Àwọn nọ́ọ̀sì á máa pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì: "Bàbá Adúrótẹrù o! Bẹ́ẹ̀dì ti jókòó sílẹ̀ o!" Bó bá tún bẹ́ẹ̀dì ṣe tán, á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, á pajú dé. Ó ní bí òun ò bá lè tòògbé lórí rẹ̀, kò tíì yẹ aláìsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn wọra. Nọ́ọ̀sì tuntun kan fi aṣọ bò ó, ó sì ti wọn ìgbóná ara rẹ̀ kí ó tó jí.

Ọsibítù tó mọ̀ ọ́n tó báyìí ló wá ń béèrè ẹni tó ni ín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọléèwé. Bó bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, ọsibítù ló ń kọjá sí. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò.

"Ẹ má bínú, mà. Orúkọ ìdílé yín kọ́ ni ti òkú."

"Orúkọ ọkọ mi nìyẹn. Bàbá mi ni òkú."

"Òfin ní ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà ló lè gbé e."

"Ìwé ìbí mi rèé. Adúrótẹrù ló wà níbẹ̀."

"Ẹni tí ẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mà. Ẹni tí ẹ jẹ́ báyìí la fẹ́."

Mo sún mọ́ gíláàsì. "Ọmọ mi, ta wá ni kí á mú wá?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Adúrótẹrù, bàbá."

"Ì báà má mọ̀ ọ́n rí?"

"Ì báà má mọ̀ ọ́n rí, sà."

Ẹ bá mi gbọ́ o! Àjèjì lè gbé e, ọmọ tó bí ò lè gbé e. Wọ́n ní ìdílé kan ti gbé òkú olókùú lọ rí, ìyẹn ni alákòóso ọsibítù fi ṣe òfin yìí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú orúkọ tèmi tó kún ìgboro ni ọ̀rẹ́ mi ń jẹ́, ṣé ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ni ì bá ti gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú? Òkú ta ni òfin náà wá ń ṣọ́?

Olùtọ́jú yàrá òkú kò nílò káàdì ẹnikẹ́ni. Ó mọ ọ̀rẹ́ mi bí ẹní mowó. Ó rọra sọ fún ọmọ náà pé, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá fọwọ́ ara wọn tún ṣe ni mo tẹ́ wọn sí. Kò ké rárá." Obìnrin tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú ṣáájú ló fẹ́ sin bàbá rẹ̀ sí. Àyè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ibi ìsìnkú sì ti ní bí òkú ò bá dé kí oṣù yìí tó parí, àwọn á fi í fún ẹlòmíràn. Oorun ò kùn mí mọ́. Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí olùtọ́jú yẹn bá lọ sí ìsinmi ńkọ́? Bí wọ́n bá sin àjèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?

Ọmọ náà ì bá yí orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Bó bá yí i, kò ní í lè wa bọ́ọ̀sì títí wọn yóò fi ṣe òmíràn, ta ni yóò sì gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé?

Àwa arúgbó márùn-ún tí a jọ máa ń mu tíì pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Télọ̀ gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ ẹ ni wọ́n wí? Ó tán! Ẹ jẹ́ ká máa jẹ́ ẹ."

Mo padà lọ bá akọ̀wé. "Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ búra ní kóòtù pé Adúrótẹrù lòun ń jẹ́ báyìí ńkọ́?"

Ó ka òfin, ó tún un kà. "Bàbá, òfin ò sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ti máa jẹ́ ẹ." Mo rí i tó gbé ẹ̀rín mì.

Ìyàwó mi ò gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mì. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ́ orúkọ rẹ, o wá fẹ́ pa á dà láì bi mí? Ta ni mo wá fẹ́?" Mo ní kó má bínú, a lè jọ máa jẹ́ tuntun. Ó ní ká sòótọ́, tuntun náà dùn ún pè ju ti àtijọ́ lọ.

Alákòóso, mo mọ̀ pé ẹ ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ gbé ọ̀rẹ́ mi fún ọmọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ má rán akọ̀wé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sọ fún obìnrin náà lójú èrò pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ẹ pa òfin yẹn rẹ́, ẹ sì sọ fún wa iye òkú mìíràn tó wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn ò gbajúmọ̀ tó.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù yóò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwa márààrún la ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó di ọ̀sán, orúkọ tí kò ní ẹnì kankan láyé yóò ti ní márùn-ún, télọ̀ sì ní àwọn oníbàárà òun ti ń béèrè bóyá àyè ṣì wà. Láti kóòtù, ọ́fíìsì yín tààrà ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má gba ìsinmi lọ́jọ́ náà.