Ilé Onítáyà Tó Mu Epo Pupa

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ra àgùntàn, àwọn kan gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó kékeré. Ọkọ tèmi ra bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan tó ń lo dísù ni, tí ilé ìwé kan ti lò títí tó fi sú wọn. Ó yọ gbogbo àga inú rẹ̀ dànù, ó pe káfíńtà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó gbé sítóòfù sí igun kan, ó ta kọ́tínì aláwọ̀ ewé sí gbogbo fèrèsé, ó wá dúró sí àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ó ní àwa méjèèjì la ó máa fi rìn káàkiri Nàìjíríà, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la ó máa sùn. Mo bi í pé kí ló wá ṣe ilé tí a forí ṣe fọrùn ṣe kọ́. Ó ní ilé yẹn ò ní táyà.

Àdúgbò sọ bọ́ọ̀sì náà ní ilé onítáyà. Èmi sọ ọ́ ní orogún mi, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ kó tó rántí pé èmi náà jí. A ò tíì fi lọ síbi kankan ju ilé epo lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá mi dé.

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ìyá mi ń gbé. Ojú ti ń dùn ún láti ọdún gbọọrọ. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, débi pé ohùn ló fi ń dá wa mọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí tí ẹnu fi ń kan mí, ó gbà kí dókítà ojú kan tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde bá òun ṣí ọ̀kan nínú wọn. Àárọ̀ kùtù ni iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní kó sùn nítòsí lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó tún sùn lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè tú ojú náà lọ́jọ́ kejì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá mi kì í sùn nílé àna. Lójú tirẹ̀, ìyá ìyàwó tó bá lọ tẹ́ ẹní sílé ọkọ ọmọ rẹ̀ ti ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀. Aráyé á ní kò bí ọkùnrin tó kọ́lé. Nígbà tí mo bímọ pàápàá, ilé àbúrò rẹ̀ kan ló ń sùn, àárọ̀ ló ń wá wẹ ọmọ fún mi. Àbúrò yẹn ti kú. Mo ní ká gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní àwọn oníranù ló ń sùn síbẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n rí òun ni?

Ọkọ mi ló gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní, “Màmá, ẹ sùn nínú bọ́ọ̀sì mi. Mọ́tò ni, kì í ṣe ilé. Ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn sùn nínú mọ́tò ni?”

Ìyá mi ronú. Ó ní òótọ́ ni, òun ti sùn nínú mọ́tò rí, nígbà tí àwọn lọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí mi, ó ní, “Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹnu ọ̀nà tèmi ni màá ti wọ̀ ọ́ o, mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ló máa gbé mi débẹ̀. Mọ́tò tó bá rìn gbé mi débẹ̀, mọ́tò ni, mo lè sùn nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá lè rìn, yàrá ọkọ rẹ ni. Tó bá dúró lọ́nà, ẹ dá mi padà sílé mi.”

A gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo mọ ìyá mi. Tó bá fi lè padà sílé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa tún rí i mú lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan mọ́ láyé yìí. Á kàn máa fi ọwọ́ pa ojú mi kiri títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Wàyí o, Ìjẹ̀bú kì í sọ kẹ́ẹ̀gì nù. Àwọn ará ìlú mìíràn ń fi owó wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì gan-an ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe é. Ní àkókò tí epo pupa bá pọ̀ ni mo máa ń rà á pamọ́, tí mo bá sì ti lò ó tán, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kẹ́ẹ̀gì máa ń lọ tò sí bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ pé dísù máa wọ́n sí i, ó lọ rà á pamọ́, kò sì bi mí, ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì mi. Ó ní òun ti fọ̀ wọ́n. Lójú ọkùnrin, tí omi bá ti kan nǹkan, ó ti mọ́ nìyẹn. Ó da omi ọṣẹ sí wọn, ó mì wọ́n, ó dà á nù, kò dúró kí wọ́n gbẹ. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn sì bá a fi tirẹ̀ kún un.

Bí a ṣe lọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ dára. Ìyá mi ti múra sílẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó tún gbé bákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání kó má baà fi ti àna wẹ̀. Àwa méjèèjì dì í mú, ó gun bọ́ọ̀sì náà, ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ó rọ̀ ju tòun lọ. Inú ọkọ mi dùn débi tó fi ní òun máa rọ dísù kún táǹkì kí a tó ṣí, kí ìrìn àjò Màmá má baà ní ìdádúró. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde, ó dà á sí i tán. Ẹnu ọ̀nà ìyá mi gan-an ló ti ṣe é.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn dòdò. Mo wo sítóòfù, iná kò sí níbẹ̀. Mo yọ orí síta, èéfín ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló ń ta sánsán. Ọlọ́kadà kan sáré bá wa, ó kígbe pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dín nǹkan, ẹ bù fún wa jẹ o!” Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Nígbà tí a dé tòsí Ijagun, lẹ́bàá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà kọjá, ó mí kanlẹ̀, ó kú.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó tú fílítà, ìyẹn ohun tó ń sẹ́ dísù kó tó dé inú ínjìnnì. Omi ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa kan yọ jáde, ó ki bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo mi ni.

“Kẹ́ẹ̀gì wo lẹ rọ dísù sí?”

“Mo fọ̀ ọ́. Mo tiẹ̀ tún sẹ́ dísù náà kí n tó dà á sí i.”

“Kí lẹ fi sẹ́ ẹ?”

“Asẹ́ kan tó wà nílé ìdáná.”

Asẹ́ ògì mi ni. Mo fẹ́ kígbe, àmọ́ ìyá mi wà nínú bọ́ọ̀sì, tí mo bá sì kígbe, ó parí. Mo gbé ìbínú náà mì bí ẹni gbé egbòogi mì. Ọkọ mi dá ọ̀kadà dúró, ó ní òun ń lọ ra fílítà tuntun àti dísù gidi ní ìgboro. Kó tó gorí rẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, “Má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé a dúró o.” Ó lọ. Ó fi èmi, ìyá afọ́jú àti bọ́ọ̀sì tó ń rùn bí dòdò sílẹ̀.

“Kí ló dé tó dúró?” Ìyá mi ló ń pè mí láti inú.

“Màlúù ló ń kọjá, Ìyá.”

Ó tún pè mí: “Ṣé wọn ò tíì kọjá tán ni?”

“Wọ́n pọ̀, Ìyá.”

Ibi tí mo ti ń ronú irọ́ tó kàn ni mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti tò lẹ́yìn ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, àwọn kan mú abọ́ dání. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ṣé dòdò nìkan ni, àbí ìrẹsì náà wà?”

Kò jẹ̀bi. Mọ́tò tó ní kọ́tínì, tó ń ta sánsán, kí ni ì bá rò? Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ rò fún un: ojú ìyá mi, abẹ, ilé àna, fílítà. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó dìde, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wọlé tọ Màmá lọ. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa.”

Wọ́n di bọ́ọ̀sì mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Wọ́n bẹ oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, ó wá dúró sábẹ́ fèrèsé, ó ń fi ínjìnnì rẹ̀ bú ramúramù fún wa. Ọmọbìnrin yẹn di kọ̀ǹdọ́kítọ̀, ó ń pariwo pé, “Ó wà o! Ẹ rọra bọ́lẹ̀ o!” Èmi jókòó ti ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣubú síhìn-ín ṣubú sọ́hùn-ún, mo ní, “Ẹ di nǹkan mú o, Ìyá, kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà yìí.” Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé rò pé ẹni tí kò bá mì í kò ní jẹ dòdò, làwọn náà bá dì í mú. Bọ́ọ̀sì ń fì bí ọkọ̀ ojú omi. Ìkòkò kan já lára ògiri.

“Mọ́tò yìí mà ń sáré o,” ni ìyá mi wí.

“Ó ń sáré gan-an ni, Ìyá.”

“Ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti ìgbà yìí wá ńkọ́? Ṣé òun náà ń sáré lọ Ìjẹ̀bú-Òde ni?”

Mo yọjú síta. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n so ó mọ́ igi. Mo fa orí mi wọlé. Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́. Ṣé kí n dá yín padà sílé?”

Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú. “Ojú mi ló fọ́, etí mi ò fọ́,” ló wí. “Mé è sọ pé kí o dá mi padà mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé àna yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀rù abẹ ló ń bà mí. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí mo ṣì ń rí yìí, tí wọ́n bá lọ fi abẹ pa á, kí ló kù?”

N ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá mi pé ẹ̀rù ń bà á. Ó dùn mí dé egungun. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba èmi náà, látọjọ́ tí wọ́n ti dá ọjọ́ náà, n ò sùn dáadáa. A jókòó bẹ́ẹ̀, a di ara wa mú, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ń mì wá.

“Ẹ ti mọ̀ látìgbà yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń wò wọ́n?”

“Ó dùn mọ́ mi ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé mi jó. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣe díẹ̀ sí i.”

Ọkọ mi padà dé, ó bá èrò rẹpẹtẹ tí wọ́n ń mi ilé rẹ̀, ó rò pé wọ́n fẹ́ dojú rẹ̀ dé ni, ló bá figbe ta. Nígbà tí a là á yé e tán, ó tú ìdí táǹkì, ó gbọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde pátá, ó fi fílítà tuntun sí i, ó da dísù gidi sí i. Ó wá ń fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà dísù jáde títí òógùn fi bò ó. Ínjìnnì dáhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè. Dòdò ò sí, ṣùgbọ́n ìyá mi tú gààrí tó gbé wá fún ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi abọ́ wọn gbà á. Wọ́n sì gbà á.

Ìyá mi sùn nínú bọ́ọ̀sì lágbàlá wa, ó ta kọ́tínì, ó ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ mi lọ kàn án láti kí i, ó dáhùn láti inú bí onílé pé, “Ta nìyẹn?” Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ síta. A mú un lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sì di ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú ojú náà. Ìyá mi ń ṣẹ́jú. Ó wo òrùlé, ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwá lẹ́yìn. Mo dúró níwájú rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ rí mi?”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wo orí mi padà. Ó fi ìka kan irun etí mi tó ti funfun, ó fi ọwọ́ tọ ìlà tó wà lábẹ́ ojú mi. Omi sì lé ròrò sójú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kó má sunkún, kó má sunkún o.

“Báyìí lo ṣe darúgbó,” ló wí, “ìwọ ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Jókòó.”

Mo jókòó.