Màmá Ọjọ́ Mẹ́ta Kú, A Ní Ó Lọ sí Nàìjíríà

Màmá Fẹ̀hìntọlá Ògúnbọ̀dé kú sínú yàrá rẹ̀ ní Harburg, ní Hamburg, nígbà òtútù tó kọjá, a ò sì mọ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe pé a ò tètè mọ̀. A ò mọ̀ rárá, títí ìwé ìpolówó fi kún àpótí lẹ́tà rẹ̀ tí kò gba nǹkan mọ́, tí Leonie tó ń gbé ní òdìkejì rẹ̀ fi pe ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àgbàlagbà ni, ẹ jẹ́ ká bo àṣírí rẹ̀.

Àwáwí wa ló ń bí mi nínú. Leonie ní òun rò pé ó ti lọ sí Nàìjíríà. Ìjọ rẹ̀ náà rò pé ó ti lọ sí Nàìjíríà, wọ́n tiẹ̀ ti gbàdúrà ìrìnàjò ire fún un. Olúdàpọ̀, àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pè é pè é, fóònù ò lọ, ó ní bóyá iṣẹ́ Jámánì ni ò jẹ́ kó ráàyè. Àwọn ará ibí ní ó wà lọ́hùn-ún, àwọn ará ọ̀hún ní ó wà níbí. Ẹ ò rí i bí gbogbo wa ṣe gbọ́n tó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, Màmá ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ní Harburg. Gàrí, èlùbọ́, ẹja pánlá, ata gbígbẹ, irun tí àwọn obìnrin fi ń dirun, gbogbo rẹ̀ kún ibẹ̀ débi pé bí ẹni mẹ́ta bá wọlé, ẹnì kẹrin á dúró síta. Ṣùgbọ́n ọjà títà gan-an kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bèèrè èèyàn. Bí o bá pẹ́ díẹ̀ kí o tó yọjú, bí o ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni wàá gbọ́ ọ: "Ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ yunifásítì fi sọ ọ́ ní Màmá Ọjọ́ Mẹ́ta. Á tún kọjú sí àwọn oníbàárà yòókù: "Ta ló rí Bàbá Tèmipé lọ́sẹ̀ yìí? Bàbá tí ẹsẹ̀ ń dùn yẹn?" Bí kò bá sẹ́ni tó rí i, ẹni tó wà níwájú ti di ìránṣẹ́ nìyẹn: "Ìwọ, gbé gàrí yẹn sílẹ̀ ná, lọ bá mi kanlẹ̀kùn rẹ̀ wò."

Ẹ lọ bi Akínlolú. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Harburg, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ní ẹ̀wà ni, ó bá ti ara rẹ̀ mọ́lé. Màmá ò rí i. Ó wé gèlè lé orí fìlà òtútù, ó lọ bá Hausmeister, alábòójútó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé kó wá ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Màmá ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn ná. Tá a bá wọlé tán, a ó máa wádìí ẹni tó bí i."

Nǹkan ti bẹ́ nínú ikùn ọmọ náà. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú ni wọn ì bá gbé. Lónìí, Akínlolú ti di ẹnjiníà ní Berlin, ilé rẹ̀ wà ní Spandau, òun fúnra rẹ̀ ló sunkún sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan ra ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Mi ò ní dárúkọ wọn, àwọn ní lọ́yà, ẹnu lásán ni èmi ní. Wọ́n fowó lé owó ilé títí Màmá fi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kí ni wọ́n wá fi síbẹ̀? Ilé kọfí. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Nachbarin! Aládùúgbò wa obìnrin! Ẹ gbà mí o. Wọ́n lé aládùúgbò síta, wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ ta kọfí tí wọ́n fi wàrà tí kò ti ara màlúù wá pò. Wọ́n gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ kọ́ ara ògiri, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó ń po kọfí pé ta nìyẹn.

Ó ní, "Die Oma? Das ist Deko."

Ó ní ìyá àgbà yẹn, ọ̀ṣọ́ ni! Wọ́n máa ń bèèrè orúkọ èèyàn níbẹ̀ o, èmi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ara ife ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn nìkan ni mo wá bá jà. Àwa ńkọ́? Kí wọ́n tó fowó lé owó ilé, ta ló ṣì ń lọ síbẹ̀? Orí fóònù la ti ń ra gàrí, wọ́n ń gbé e wá bá wa nílé. A ní ṣọ́ọ̀bù Màmá há. A ní Màmá ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹni jù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa lé àgbà kúrò lọ́jà, a wá ń ṣe háà nígbà tí orí wọ́.

A sì sin ín dáadáa o! Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òdòdó rèé, ìwé ètò ìsìnkú aláwọ̀ mèremère rèé, pásítọ̀ ní "ìyá gbogbo wa" ni. Ìyá gbogbo wa tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò wá.

Irọ́ ni mo pa. Ẹnì kan wá a. Níkẹ́ tó ń ṣe ìwé ètò náà ki iná bọ fóònù Màmá kó lè rí fọ́tò lò, ni iṣẹ́ kan bá wọlé. Ó na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á fúnra yín." Ẹ̀rọ àwọn tó ń ta gàrí lórí fóònù ló fi í ránṣẹ́. Àṣé Màmá náà, lẹ́yìn tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń rà á. "Hallo Fehintola, lange nicht gesehen! Wir vermissen dich!" Ìyẹn ni pé: Ọjọ́ mẹ́ta! Àárò rẹ ń sọ wá. Wọ́n ní bó bá tètè padà wá, àwọn á dín owó kù fún un.

Níkẹ́ jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nínú gbogbo Harburg, ẹ̀rọ ló kí i ní ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ sọ fọ́tò ìyá wa kalẹ̀ lára ògiri yẹn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin aláṣẹ tẹ́ ẹ ń lẹ pósítà kiri pé ká má fi àgbàlagbà sílẹ̀ lóun nìkan, nígbà tẹ́ ẹ ń wò tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ta lẹ ní kó máa kanlẹ̀kùn? Ẹ̀yin pásítọ̀ àti alága ẹgbẹ́, mo fẹ́ orúkọ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ Màmá. Mi ò fẹ́ kọmítì. Orúkọ ni mo fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Bàbá Tèmipé tí ẹsẹ̀ ń dùn ò wá síbi ìsìnkú. Mo ti pè é láti Kreuzberg ní Berlin níbí, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Harburg lẹ sún mọ́ ọn. Ta ló máa lọ kanlẹ̀kùn? Ẹ má sì sọ fún mi pé ó ti lọ sí Nàìjíríà.