Ẹ Kú Oríire, Ọ̀gá: Ọjọ́ tí Áńbúláǹsì Ò Gbọ́ Igbe Wa

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa ní ilé ìwòsàn Pobè fi ìwé ẹ̀rí hàn wá pé òun mọ bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe dàgbà ní àwọn abúlé tó yí Pobè ká. Mo ti gbẹ̀bí lábẹ́ igi, mo ti gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ akérò, mo sì ti rí oríṣiríṣi ohun tó ń fẹ́ pa ìyá ọlọ́mọ. N kò mọ̀ pé "ẹ kú oríire" wà lára wọn.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọ̀ràn bá le, a ó pe awakọ̀ áńbúláǹsì lórí fóònù, á sì wá. Àfi ìgbà tí Ráfíù, awakọ̀ wa, fi áńbúláǹsì kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síbi òkú àgbà kan ní Sakété, tó ń fun fèrè ọkọ̀ kí èrò lè yà fún un lọ́nà. Láti ìgbà náà ni Ọ̀gá ti pàṣẹ pé ìpè ti parí. Wọ́n fún oníkálukú wa ní tábílẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n ní ìmọ̀ ìgbàlódé ti wọ abúlé. Inú gúrúùpù kan lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa wáyé, kí gbogbo ojú lè rí i. Ráfíù kò sì gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àfi bí Ọ̀gá bá kọ "Accord" sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni pé òun fọwọ́ sí i.

Ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ni irú èèyàn tí a jẹ́. Èèyàn kì í wọ agbo láìkí àgbà. Bí Ọ̀gá bá ní "Ẹ káàárọ̀" nínú gúrúùpù, gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò dá a lóhùn, a ó béèrè ìyàwó, a ó béèrè ọmọ, a ó ṣàdúrà. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣàdúrà, ó di dandan kí àwọn yòókù ṣe àmín. Ọ̀gá kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí kò kí òun. Èmi máa ń gbàgbé, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lẹ́yìn Towé, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, ewúrẹ́ pàápàá á ronú kó tó jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyábọ̀ bímọ sọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ òkúta ní Onigbolo, ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá. Ọmọ ké, a rẹ́rìn-ín. Kí a tó pa ẹnu dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Mo fún un lábẹ́rẹ́, mo fa omi sí i lára, mo ń fi ọwọ́ wọ́ ilé ọmọ rẹ̀ kó lè sún kì. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù, kò dá. Ètè rẹ̀ ti ń funfun. Ó nílò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, Pobè sì ni ẹ̀jẹ̀ wà. Bí a bá gbé e sórí zémì, ìyẹn alùpùpù akérò wa, kò ní dé ìdajì ọ̀nà.

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù: "Ọ̀ràn pàjáwìrì. Ìyá ọlọ́mọ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, áńbúláǹsì."

Àṣé Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé ìwé ẹ̀rí dání bí ẹni gbé ìbejì. Kútọnu ló ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀, ó sì ti padà dé Pobè. Háà! "Félicitations, Ọ̀gá!" "Ẹ kú oríire, kékeré lẹ rí!" "Ẹ ó máa ròkè ni." "Àmín." "Àmín, àṣẹ." Ẹnì kan fi òdòdó sí i, ẹnì kan fi ohùn ara rẹ̀ kọrin ìyìn. Ọ̀rọ̀ tèmi ti rì sábẹ́ àmín. Mo tún un kọ, àmín mìíràn tún bò ó. Akọ̀wé wa nìkan ló dá mi lóhùn, Tátà ni wọ́n ń pè mí bí ẹni ń pe àǹtí: "Tátà, ẹ kọ́kọ́ kí Ọ̀gá ná."

Inú bí mi, mo pe Ráfíù.

"Ráfíù, ibo lo wà?"

"Inú ọkọ̀ ni mo wà, Tátà. Epo sì wà níbẹ̀."

"Máa bọ̀ kíá, èèyàn ń kú lọ."

"Tátà, ẹ má bínú. Ọ̀gá ò tíì kọ Accord. Bí mo bá jáde báyìí, wọ́n á ní òkú àgbà ni mo tún ń bá lọ."

Mo pe Ọ̀gá. Kò gbé e. Òun ló ṣòfin pé ìpè ti parí, ó sì ń pa òfin rẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ Ìyábọ̀ ń wò mí, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. "Màmá, kí lẹ̀ ń tẹ̀ nínú nǹkan yẹn? Ṣé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí ìyàwó mi wà?"

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo bá gbé èké lọ sọ́jà. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá wa àtàtà, ọlá yín á máa pọ̀ sí i. Àwọn àlejò pàtàkì ti Kútọnu dé sọ́dọ̀ mi lójijì pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n ń béèrè yín, wọ́n sì fẹ́ rí áńbúláǹsì wa."

Àmín dá wáí. "Accord," ni Ọ̀gá kọ. Ó tún fúnra rẹ̀ pè mí, Ọ̀gá tí kì í pe èèyàn!

"Tátà, ẹ fún wọn lómi tútù. Mo ti wà lọ́nà."

"Ọ̀gá, ẹ mú dókítà àti ẹ̀jẹ̀ dání, èyí tó bá gbogbo èèyàn mu. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ."

"Kò sí ìṣòro!"

Ráfíù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ọ̀gá fẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ fọ ọkọ̀, òun Ráfíù ló ní omi ò sí. Ọlọ́run á bù kún un. Mo ti ń gbọ́ fèrè wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, táì lọ́rùn, ìwé ẹ̀rí lábíyá.

"Àwọn àlejò dà?"

"Wọ́n wà nínú, Ọ̀gá."

Ó tún táì ṣe, ó wọlé. Dókítà sáré kọjá lára rẹ̀ lọ bá Ìyábọ̀. Ọ̀gá dúró láàárín yàrá, ó ń wá kámẹ́rà kiri. Ìyá ọkọ Ìyábọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì bi í léèrè ẹni tó jẹ́. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá wa gbé e, bàbá, ká ráyè gbé ìyá rẹ̀ sọ́kọ̀." Ìwé ẹ̀rí jábọ́ sílẹ̀, sórí ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì nù.

Ìyábọ̀ yè. Lẹ́yìn tó padà sílé, wọ́n kọ ìwé sí mi láti ọ́fíìsì Ọ̀gá, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi purọ́ nínú gúrúùpù iṣẹ́. N kò fi èsì náà sínú àpòòwé. Inú gúrúùpù ni mo kọ ọ́ sí, kí gbogbo ojú lè rí i:

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ òtítọ́, Ọ̀gá. Ẹ ò wá."

Ẹnì kankan ò ṣe àmín.