Lẹ́tà Inú Àpò Gàrí

Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí Àlájì yẹn ni ara ti ń fu mí sí i. Yorùbá bíi tiwa ni, Maiduguri ni wọ́n bí i sí. Òun ló kọ́kọ́ gbójúgbóyà wa ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà Baga, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú igbó ti dí, nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún un ṣí, tó ń kó ẹrù àti lẹ́tà lọ sí etí adágún, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Èèyàn wo ló ń fẹ̀mí wewu báyẹn tí kò ní nǹkan mìíràn nínú?

Kì í gba ẹrù tí wọ́n ti dì. Ìwọ fúnra rẹ lo máa tú u níwájú rẹ̀, á fọwọ́ rò ó dé ìsàlẹ̀, á ka lẹ́tà rẹ tán, kó tó wá fi okùn tirẹ̀ dì í. Olófòófó! Ṣé ọkùnrin ọlọ́kùnrin ló yẹ kó máa ka ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi?

Etí adágún lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ṣọ́jà. Màmá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní bárékè, àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, ọmọ wọn nìkan ni wọ́n sì ń bèèrè. Mo kọ̀wé pé kó tọrọ ààyè, kó wá rí ìyá rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Mi ò fẹ́ kí Àlájì sọ ọ́ káàkiri àdúgbò Custom. Mo wọ àpò méjì fún gàrí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi, mo rán lẹ́tà náà sáàárín wọn. Àlájì fọwọ́ rò ó, kò kàn án. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Ọjọ́ ń lọ, ọkọ mi ò dé. Màmá ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo lọ sí gáréèjì, wọn ò rí Àlájì níbẹ̀. Ṣé mo wí? Ó ti ta gàrí, ó ti da lẹ́tà nù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló yọ sí wa, ó ti rù, lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà ló rí lẹ́tà náà láàárín àpò. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n ní àwọn tó wà nínú igbó ló ń bá jíṣẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé títí ọ̀gá kan tó gbọ́ Yorùbá fi dé tó kà á.

"Màdáàmù, ká ní ẹ fi hàn mí ni, ǹ bá ti mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Wallahi, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé kí ló wà nínú lẹ́tà."

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó na lẹ́tà náà sí mi, ó ní kí n dì í níṣojú òun, òun á gbéra láàárọ̀ ọ̀la, ọkọ mi á dé bá màmá.

Mo ní òmíràn ni mo máa kọ. Àná la sin màmá.