Páálí Tí Kì Í Sunkún

Òórùn epo tó bá ti mu wọ inú páálí kì í lọ bọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣí àpótí irinṣẹ́ mi lónìí, tí mo mú àwọn páálí tí mo kọ́kọ́ ká nígbà náà jáde, òórùn epo pupa àti irú ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, kí n tó rí àbàwọ́n ara wọn rárá. Òórùn náà á sì gbé mi padà sí Durumi ní Àbújá, sí ilé kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn, níbi tí mo ti gbé fún ọdún mélòó kan láìsí ẹni tó ń pè mí lórúkọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ ló sì gbé mi dé Àbújá. Ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Kugbo, lẹ́yìn àwọn tí ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, níbi tí a ti ń ṣe páálí kéèkì àti páálí bàtà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀gá mi. Wọ́n ní àwọn á fi mí wò ná. Iṣẹ́ tèmi ni láti ya bátànì: ibi tí a ó gé, ibi tí a ó ká, ibi tí gọ́ọ̀mù yóò gbà. Mo ti kàwé díẹ̀ nípa rẹ̀, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí páálí tó lè gbọ́n jù mí lọ. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí bíi káfíńtà, mo sì máa ń fi í síbẹ̀ nínú ọkọ̀ títí mo fi ń délé, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ayàwòrán pàtàkì ló bá wọn jókòó. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo dé Àbújá, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé mo dé. Hausa ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ láàrin ara wọn. Bí wọ́n bá ti sọ pé "sannu", tí èmi náà ní "yauwa", ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n béèrè ìyàwó lọ́wọ́ mi, wọ́n béèrè mọ́tò, n kò sì ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, n kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìgbà mìíràn wà tí òpin ọ̀sẹ̀ á kọjá tó jẹ́ pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìta nìkan ni yóò gbọ́ ohùn mi. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìyá kan láti Kábà ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọkọ wọn dé Àbújá kó tó di olóògbé, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká, oníkálukú sí ìlú tirẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ló ń pa wá pọ̀, títí di ìgbà tí ibà dá mi wó, tí n kò ṣílẹ̀kùn láti àárọ̀. Ìyá kanlẹ̀kùn. Abọ́ tánganran funfun kan ló wà lọ́wọ́ wọn, etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, ìdérí rẹ̀ ti tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan débi pé kò dé dáadáa, ọbẹ̀ sì ti ṣàn díẹ̀ sára aṣọ tí wọ́n fi gbé e. Wọ́n ní kí n jẹun kí n tó lo oògùn, wọ́n sì padà sí yàrá wọn láì dúró gba ọpẹ́.

Nílé wa, a kì í dá abọ́ tó gbé oúnjẹ wá padà lófìfo. Kò sí ọmọ tí wọn kì í kọ́ ní èyí kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí n kò mọ̀ ju kí n se omi tíì lọ, kí ni mo fẹ́ fi sínú abọ́ ìyá? Mo lọ sọ́dọ̀ Mọ́là tó ń ta dàbínò ní ìkóríta, mo rà á kún abọ́, mo dá a padà. Kò pẹ́, abọ́ tún dé pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mo fi ọsàn dá a padà. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́, mo fi gúrásà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn Hausa, dá a padà. Nígbà kan tí owó oṣù kò tíì wọlé, iyọ̀ nìkan ló wà nílé mi, mo bá da iyọ̀ sínú abọ́, mo bò ó, mo gbé e lọ bí ẹni tó gbé ẹran ìgalà. Ìyá ṣí i, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní iyọ̀ náà làwọn ó fi se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí abọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá wà lọ́dọ̀ mi, mo ní ibi tí mò ń lọ. Bó bá wà lọ́dọ̀ ìyá, ẹnìkan ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn mi. N kò ní nǹkan mìíràn nínú ìlú ńlá yẹn tó jẹ́ tèmi bẹ́ẹ̀.

Àárín ìgbà náà ni ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ kan wá. Àwọn olóúnjẹ tí ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọ́fíìsì ń fẹ́ páálí tó lè gba ọbẹ̀. Ìrẹsì kò níṣòro, inú páálí tó bá wù ú ló lè jókòó sí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ a máa wá ọ̀nà. Ike sì ti wọ́n. Ọ̀gá ní kí n fi páálí kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bo ojú inú rẹ̀, ká abọ́ kan tí kò ní jò. Mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ká a, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo bu omi sí i. Omi dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá tàyàtàyà, mo ní iṣẹ́ ti parí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí olóúnjẹ kan, olóúnjẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ọ̀kadà gbé e. Nígbà tí yóò fi débi tó ń lọ, ọbẹ̀ ti wà nínú báàgì, páálí nìkan ló kù lófìfo. Ọ̀gá gbé báàgì náà sórí tábìlì mi.

Omi ni mo fi dán abọ́ ọbẹ̀ wò. N kò ronú kan ọbẹ̀ rárá, nítorí omi nìkan ló ń wà nínú yàrá mi.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá, wọ́n kọ́kọ́ rín ẹ̀rín wọn tán kí wọ́n tó káàánú mi. Láti ọjọ́ náà ni bẹ́ńṣì tó wà láàrin ẹnu ọ̀nà wa ti di ibi iṣẹ́. Bí mo bá ti ti Kugbo dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú páálí tuntun, ìyá á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú páálí, a ó sì jókòó tì í. À ń wo ìwé ìròyìn, bóyá epo yóò yọ lára rẹ̀. Bí àmì kékeré kan bá ti yọ ní igun, ìyá á rọra sọ pé, "Ó ti ń sunkún." A ó wá kó ọbẹ̀ náà padà sínú abọ́ tánganran, a ó fi jẹ̀bà, èmi á sì gbé páálí tó sunkún wọlé láti wo ibi tí ẹkún náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo rò pé mo mọ̀. Ojú ibi tí a bá gé lára páálí kò ní ọ̀rá, ó sì máa ń mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò. Bí a bá tẹ ojú ìká rẹ̀ jù, ọ̀rá inú rẹ̀ á sán. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní jókòó. Páálí pàápàá ní apá tó fẹ́ kí a ká òun sí, bíi ti aṣọ, ẹni tó bá ká a sí òdì ń wá ìjà ni. Ìyá kò mọ nǹkan kan nípa páálí, wọn kò sì díbọ́n pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ bí a ṣe ń jókòó dúró de nǹkan. Bí a bá ń dúró, wọ́n á sọ̀rọ̀ Kábà fún mi, wọ́n á sọ ti ọkọ wọn tí kì í jẹ ata, àti ti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Àbújá tí igbó ṣì wà níbi tí a jókòó sí yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi ń wá páálí, ìyá ń wá ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹnìkejì rẹ̀ ní gbèsè.

Níkẹyìn, mo jáwọ́ nínú gígé. Mo fi igun sílẹ̀ lódindi, mo ká a pọ̀ bí etí ewúrẹ́, mo tẹ etí náà mọ́ ara ògiri páálí lóde, mo fi gọ́ọ̀mù mú un níbi tó ga ju ibi tí ọbẹ̀ lè dé lọ. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi tẹ ojú ìká rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ìyá bu ọbẹ̀ ata tó kún fún epo sí i. A jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gáríbì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò, títí ọbẹ̀ fi dì. Ìyá gbé páálí sókè, wọ́n fi ìka nu ìdí rẹ̀, wọ́n wo ìka náà, wọ́n sì fi nu ìró wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sunkún." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe ẹnìkan láti sọ fún un, mo wá rí i pé ẹni tí mo fẹ́ sọ fún ti jókòó níwájú mi.

Ọ̀gá gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Nígbà tí ẹ̀rọ tẹ àwọn páálí àkọ́kọ́ jáde, mo di ìdì ńlá kan, mo gbé e fún ìyá. Mo tún fọ abọ́ tánganran wọn tó wà lọ́dọ̀ mi, mo da dàbínò kún un, mo gbé e lé e. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣì wà létí mi. Mo ní, "Ẹ má fi abọ́ yọ ara yín lẹ́nu mọ́, mà. Èyí, tí a bá ti jẹun tán, a ó jù ú nù ni." Mo rò pé oore ni mo ṣe. Ìyá wo ìdì náà, wọ́n wo abọ́, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ọbẹ̀ tún wá lẹ́yìn náà, nínú páálí. Kò jò. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ju páálí nù, kò sì sí nǹkan tí mo máa dá padà. Iṣẹ́ wá pọ̀ ní Kugbo lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá délé, mo máa ń dúró díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń wo ilẹ̀kùn ìyá, mo sì máa ń bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ wí pé mo wá ṣe. Ọbẹ̀ dẹ́kun. Bẹ́ńṣì wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn kan ṣì wà lórí rẹ̀ títí atẹ́gùn fi gbé e lọ. Àárò ìyá sọ mí, ilẹ̀kùn wọn kò sì jìnnà tó ẹsẹ̀ mélòó kan sí tèmi.

Lọ́jọ́ kan ni mo bá ọkọ̀ níwájú ilé. Ọmọ ìyá tó dàgbà jù ti wá kó wọn lọ sílé ní Kábà. Mo bá wọn gbé ẹrù. Nínú ẹrù náà ni mo ti rí ìdì páálí mi, okùn rẹ̀ ti tú díẹ̀, àwọn tí wọ́n yọ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá rí mi bí mo ṣe ń wò ó. Wọ́n ní, "Páálí rẹ dára, kì í jò. Mo kàn rò pé abọ́ mi ti sú ọ ni."

Mo ní, "Rárá, mà. Mo rò pé ó ń yọ yín lẹ́nu ni." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Abọ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé o jí ire."

Wọ́n wá padà wọ inú yàrá tó ti ṣófo, wọ́n gbé abọ́ tánganran náà jáde. Ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó gbóná. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀ ní Kábà, kí n gbé abọ́ àwọn bọ̀. Ọkọ̀ sì gbéra.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ wa ti kúrò lẹ́yìn àwọn tí ń ta àga, páálí elétí ewúrẹ́ yẹn sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ibi tí mo máa ń rí i nínú garawa ìdọ̀tí. Àwọn èèyàn ń jẹun nínú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, oníkálukú nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n, inú mi á dùn, ìdùnnú náà kì í sì í pé. Àwọn tó ń gbé yàrá ìyá báyìí, n kò mọ orúkọ wọn. Mo ti kọ́ ọbẹ̀ sísè. Kò dùn bíi ti ìyá, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù, ìyá sì máa ń sọ fún mi pé iyọ̀ ìjọ́sí ló ṣì ń bá mi jà.

Nítorí mo ń lọ sí Kábà, nígbà tí àyè bá yọ. Mo máa ń se ọbẹ̀, mo máa ń bù ú sínú abọ́ tánganran, mo máa ń gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Bí mo bá ń padà, ìyá á ti bu tiwọn sí i. Ìdérí rẹ̀ ṣì tẹ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọkọ̀ wa bọ́ sí kòtò kan lẹ́yìn Gwagwaládà, epo sì ṣàn sí mi ní ṣòkòtò. Ọkùnrin tó jókòó tì mí fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò. Ó ní, "Oga, why you no put am for takeaway? Dem get one wey no dey leak."

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ní abọ́ ni mò ń dá padà. Mo fi áńkáṣífù mi di ìdérí náà mú, ó sì ń jò sí mi lára bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Kábà.